Bí A Ṣe Ń Yan Ilé Àgbàtọ́jú fún Ẹṣin ní Òṣogbo

Ẹni tí ó bá ra ẹṣin ní Òṣogbo kì í sábà ní àyè tí yóò so ó mọ́. Àwọn ilé sún mọ́ ara wọn, ọgbà kò fẹ̀, aládùúgbò kò sì ní fara mọ́ ìgbẹ́ ẹṣin lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Nítorí náà, yálà ẹṣin oyè ni, tàbí èyí tí wọ́n ń gbé jáde níbi ìgbéyàwó, tàbí èyí tí a ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá, tàbí èyí tí olówó rẹ̀ kàn fẹ́ràn láti máa gùn ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ agbàtọ́jú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹni tí ó ń wá irú ibẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Èrò mi kò farasin: owó tí à ń san lóṣooṣù, ẹni tí ń sùn ti ẹṣin ni à ń san án fún, ògiri tí wọ́n kùn àti géètì ńlá kàn bá a rìn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú àgbàtọ́jú tí ẹ ń fẹ́

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Nínú èkíní, ohun gbogbo wà lọ́wọ́ agbàtọ́jú, láti orí oúnjẹ àti omi títí dé ilé gbígbá, ara fífọ̀ àti rírin ẹṣin lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ń sanwó, ẹ sì ń wá gùn ún. Nínú èkejì, ẹ̀yin ni ẹ ń ra oúnjẹ, agbàtọ́jú sì ń fi bọ́ ọ. Nínú ẹ̀kẹta, àyè lásán ni ẹ háyà, ẹ̀yin tàbí ọmọ iṣẹ́ yín ni yóò ṣe ìyókù.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń jáde lọ sí Sẹkitéríàtì ní Abẹ́rẹ́ láti aago méje, tí kì í sì í padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ pé òun yóò lè ṣe ẹ̀kẹta. Èkejì máa ń dà bí ẹni pé ó dín owó kù, ṣùgbọ́n òun ló ń bí ìjà jù, nítorí pé àpò dùsá tí a gbé wá fún ẹṣin kan a máa di oúnjẹ ẹṣin mẹ́rin bí olówó bá ti kẹ̀yìn síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun náà ni agbára yín ká, ẹ wá àpótí onípáànù tí ó ní àgádágodo, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí àpò kọ̀ọ̀kan sára ògiri.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ilẹ̀ náà kí ẹ tó wo ilé

Òṣogbo wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti ń pàdé, èyí kò sì rọrùn fún ẹṣin. Nígbà ogun Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, ìhín ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin padà. Ọgbọ́n ogun ni Ìbàdàn fi borí, eṣinṣin kọ́; síbẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí ilẹ̀ igbó kò ti bá ẹṣin lára mu, àrùn tí kòkòrò ń gbé kiri sì wà lára ohun tí ó fà á.

Eṣinṣin tsetse ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Irú rẹ̀ tí ó wà ní ìhà wa fẹ́ràn etí omi, lábẹ́ igi tí ó ṣíji bo odò. Bí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín bá fara kan igbó etí odò Ọ̀ṣun, tàbí ti àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn sínú rẹ̀, ẹ wá ibòmíràn, bó ti wù kí ibẹ̀ tutù tó. Ẹṣin tí eṣinṣin yìí bá ti kó àrùn sí lára a máa ní ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, èrìgì rẹ̀ a funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, a sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Òkè Ọya kì í sábà ní agbára láti kojú rẹ̀. Oògùn ìdènà wà, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ni kí ó wọn ọ́n, kí ó sì gún un. Agbàtọ́jú tí ó bá ní òun máa ń fi ìwọ̀n ti màlúù gún ẹṣin fúnra òun ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ fún yín.

Ewu kejì kéré lójú ju èyí lọ. Kòkòrò tíńtín kan wà tí ń jẹ ẹran láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, pàápàá ní àsìkò òjò, nítorí inú ẹrẹ̀ àti omi adágún ni ó ti ń pọ̀ sí i. Òun ni ó ń gbé àrùn tí àwọn oníṣègùn ẹranko ń pè ní African horse sickness, èyí tí ó lè mú kí òkè ojú ẹṣin wú, kí ìfófòó máa yọ nímú rẹ̀, kí ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí ẹ óò wò ni bóyá omi ń dá sínú ọgbà náà lẹ́yìn òjò, bóyá wọ́n ń kó ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀, àti bóyá nẹ́ẹ̀tì olójú kéékèèké wà lójú fèrèsé.

Lẹ́yìn ti kòkòrò ni ti ọ̀nà. Àwọn ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ lápá Ìdó-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú sàn ju àárín ìgboro lọ, bí ẹ bá lè rí ibi tí ẹṣin yóò ti máa rìn lórí erùpẹ̀ láì kan títì ọlọ́dà tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbà. Ṣùgbọ́n kí ibẹ̀ má jìn jù fún yín. Ẹṣin tí olówó rẹ̀ kì í yọjú sí a máa di ẹṣin ẹlòmíràn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Ìlọrin ni ó tóbi jù ní àyíká wa, Ìbàdàn sì tó nǹkan bí kìlómítà 88 sí Òṣogbo, nígbà tí Ìlọrin tó 108. Inú rírun lè pa ẹṣin láàárín wákàtí mélòó kan. Nítorí náà, orúkọ dókítà tí ń gbé nítòsí nìkan kò tó. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pè é kẹ́yìn, bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó dé, àti ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé ẹṣin bí ọ̀rọ̀ bá di ti Ìbàdàn lóru.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì wo àwọn ẹṣin tí ẹ bá níbẹ̀

Ẹ sọ tẹ́lẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ lọ láàárọ̀. Kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà kejì, kí ẹ dé ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn òjò ńlá, nítorí òjò ló ń fi òrùlé tí ń jò àti ilẹ̀ tí ń di ẹrẹ̀ hàn.

Ẹṣin tí ẹ bá níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kò ní parọ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan egungun ìhà rẹ̀: ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ojú yín má máa kà á láti òkèèrè. Ẹ wo orí ejìká rẹ̀, níbi tí gàárì ń jókòó lé. Irun funfun tí ó hù lábalà sára ẹṣin pupa tàbí dúdú ń sọ pé gàárì tí kò bá a mu ti dá egbò sí i rí. Ẹ wá wo ọrùn ẹsẹ̀, lókè pátákò. Ibẹ̀ ni okùn ìso máa ń há mọ́, ibẹ̀ náà ni a ti ń rí àpá tí ó dúdú tí ó sì le, tí irun kò hù sí mọ́. Àpá àtijọ́ lè jẹ́ ti ọ̀dọ̀ olówó ìṣáájú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí egbò tútù lẹ́sẹ̀ ẹṣin méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgbà kan náà, ẹ ti rí ìṣe ilé náà.

Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹṣin kan sókè fún yín. Ìsàlẹ̀ pátákò gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì gbẹ. Bí omi dúdú tí ń rùn bá wà nínú kòtò rẹ̀, orí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni ẹṣin náà ń dúró sí. Ẹ béèrè ẹni tí ń gé pátákò níbẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó yẹ kí wọ́n máa tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ní kí wọ́n ṣí yàrá oúnjẹ fún yín

Bí mo bá ní wákàtí kan péré láti lò nínú ọgbà kan, yàrá yìí ni n óò ti lo ìdajì rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni ọ̀rọ̀ ẹṣin, nítorí pé ẹṣin kì í bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì ti di ti inú rẹ̀.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ọkà bàbá, àgbàdo, jéró àti dùsá kàn ń tì í lẹ́yìn ni, ewé ẹ̀pà gbígbẹ náà sì dára. Ẹṣin nílò koríko tí ìwọ̀n rẹ̀, bí ó bá gbẹ, tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, tàbí kí ó dín díẹ̀. Ẹṣin tí ó bá wúwo tó kìlógíráàmù 265 yóò jẹ nǹkan bí kìlógíráàmù márùn-ún koríko gbígbẹ. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, nítorí náà eèsún tútù tí ẹṣin kan náà nílò lè tó kìlógíráàmù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá nawọ́ sí ìdì koríko kékeré kan ní igun ilé tí wọ́n ní ti ẹṣin mẹ́fà ni. Ẹ béèrè ibi tí koríko ti ń wá ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo pápá, tí iná sì ti jó ìyókù.

Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò àgbàdo dé ìsàlẹ̀, kí ẹ bu díẹ̀ síta, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Àgbàdo tí ó bu, tí ó ní àwọ̀ funfun tàbí àwọ̀ ewé lára, ní májèlé tí ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́: ẹṣin náà a máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, a máa ti orí mọ́ ògiri, ọ̀pọ̀ kì í sì í yè é. Ọ̀rinrin ní àsìkò òjò níhìn-ín kì í jẹ́ kí àpò tí ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbẹ. Orí pákó ni ó yẹ kí àpò wà, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má fò ó. Bí ẹni tí ó ni ọgbà náà bá ń sin adìyẹ pẹ̀lú, ẹ béèrè ibi tí oúnjẹ adìyẹ ń gbé. Oògùn kan wà tí à ń pè ní monensin, tí wọ́n máa ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ láti dènà àrùn inú rẹ̀. Ìwọ̀n tí kò ṣe adìyẹ ní nǹkan kan lè ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́ títí yóò fi kú, kò sì sí oògùn tí ń pa agbára rẹ̀ rẹ́. Kí oúnjẹ méjèèjì má gbé inú yàrá kan náà, kí igbá tí wọ́n fi ń bù wọ́n má papọ̀. Bí wọ́n bá ń lọ ọkà ẹṣin níta, kí ó má jẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po oúnjẹ adìyẹ. Agbàtọ́jú tí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà wà níbẹ̀. Ó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń din gaàrí, wọ́n sì lè fi tọrẹ, ṣùgbọ́n sàyánáìdì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀mùnú ọkà bàbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ní ti omi, ẹṣin lè mu lítà 20 sí 40 lójúmọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Èyí túmọ̀ sí pé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan kì í sábà tó. Ẹ fi ìka nu inú ọpọ́n omi: bí ó bá yọ̀ tọ́rọ́tọ́rọ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kànga tí ó kún dẹ́múdẹ́mú ní oṣù kẹsàn-án lè gbẹ ní oṣù kẹta, nítorí náà ẹ béèrè ibòmíràn tí wọ́n ti ń pọnmi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bá ẹni tí ń sùn níbẹ̀ sọ̀rọ̀, láìsí ọ̀gá rẹ̀ nítòsí

Olówó ọgbà lè jẹ́ ẹni iyì tí ó gbọ́n lẹ́nu, kí ó sì máa gbé Òkè-Fíà. Ẹni tí ó wà pẹ̀lú ẹṣin ní aago méjì òru ni kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú ẹṣin níhìn-ín jẹ́ ọmọ Hausa tàbí Fúlàní tí wọ́n bá iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá wọn, ẹni tí ó bá sì fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ìbéèrè kéékèèké ló ń fi ìmọ̀ hàn:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Málàámù. Ẹṣin pupa yìí mà dára o. Kí ló jẹ láàárọ̀?”

“Dùsá ni, Àlàájì. Koríko ti wà níwájú rẹ̀ láti òru.”

“Ìgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Tirẹ̀ dáa. Funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn ni mi ò tíì rí ìgbẹ́ rẹ̀ látàárọ̀. Mò ń ṣọ́ ọ.”

Ẹni tí ó ń ka ìgbẹ́ ẹṣin ni ẹ ń wá. Ẹṣin tí kò yàgbẹ́, tí ó ń wo ìhà ara rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, tí ó ń sùn tí ó ń dìde, inú ló ń run ún, ẹni tí ó bá tètè rí i ni yóò gbà á là. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní tẹmómítà: ìgbóná ara ẹṣin tí ara rẹ̀ dá wà láàárín 37.5 sí 38.5, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan bí ó bá wà ní ìsinmi. Kò pọn dandan kí olùtọ́jú mọ iye náà lórí. Kí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà lára ògiri ti tó. Ẹ béèrè iye ẹṣin tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àti ẹni tí ń dúró dè é nígbà tí ó bá lọ sílé fún Iléyá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nísinsìnyí, ẹ wo ilé

Yàrá tí ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀ níbùú àti lóòró tó fún ẹṣin ńlá. Àwọn ẹṣin kékeré ilẹ̀ wa lè gbé nínú mítà mẹ́ta. Òrùlé páànù gbọ́dọ̀ ga, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé ní ìhà méjì, nítorí ooru ọ̀sán níhìn-ín le. Ẹ lóṣòó kí imú yín dé ibi tí imú ẹṣin máa ń wà nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ta yín nímú títí omi fi jáde lójú, àyè náà kò dára. Ìyẹ̀ pákó gbígbẹ láti sọ́míìlì ṣeé tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Kí wọ́n má da oúnjẹ sórí yanrìn, nítorí yanrìn tí ẹṣin bá ń kó jẹ a máa gbára jọ sínú ìfun rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé

Ẹ̀rín àti “a ti mọ ara wa” kò tó. Kí iye owó, ọjọ́ tí a ó máa san án àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn kedere. Kí ó wà níbẹ̀ pé agbàtọ́jú lè pe dókítà bí kò bá rí yín bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àti iye tí ó lè ná kí ó tó gbọ́ láti ẹnu yín. Kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò dáhùn bí ẹṣin bá tàpá sí ènìyàn tàbí bí ó bá já wọ oko olóko. Bí ẹṣin bá kú, kí wọ́n pè yín, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sin ín.

Gbólóhùn tí ó ṣe pàtàkì jù ní ìlú tiwa ni pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹṣin yín háyà láìgba àṣẹ yín. Ọjọ́ Sátidé kún fún ìgbéyàwó àti ìwúyè, ẹṣin tí ẹ rò pé ó ń sinmi sì lè wà lábẹ́ ọkọ ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ìdùnnú. Ẹ kọ àwọ̀ ẹṣin yín, akọ tàbí abo, àti gbogbo àmì ara rẹ̀ sínú ìwé náà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí oṣù kan jẹ́ ìkìlọ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn gbọ́dọ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kíkó ẹṣin wọlé àti oṣù àkọ́kọ́

Ẹ kó o ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé oúnjẹ tí ó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ dání, kí wọ́n sì máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, nítorí àyípadà òjijì ni ó máa ń fa inú rírun. Ọgbà tí ó mọ iṣẹ́ yóò ní kí ẹṣin tuntun dá wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò sì béèrè ìwé àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti dìgbòlugi. Ẹ má bínú sí i. Bí wọ́n bá ṣe é fún yín, wọ́n ti ṣe é fún àwọn tí ó ṣáájú yín.

Ní ọjọ́ tí ó bá dé, ẹ fi tépù wọn ọ́n. Ẹ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti iwájú ejìká dé ẹ̀yìn ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi àyíká àyà náà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi gígùn lọ́po èyí tí ẹ rí, kí ẹ wá fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ 150, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 140, yóò wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 265. Ẹ máa tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ méjì méjì, pẹ̀lú tépù kan náà. Bí ó bá dín kù nígbà méjì léra, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá aràn wà, nítorí ẹ̀bi lè má jẹ́ ti olùtọ́jú rárá. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, oúnjẹ ni kò dé ẹnu ẹṣin yín. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n náà sí han ọ̀gá ọgbà, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí tépù kò bá sọ nǹkan mìíràn nígbà náà, ẹ kọ ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn.